Bí Èdè Script Ṣe Ń Fọwọ́ Kan Mẹ́mọ́rì Kọ̀ǹpútà

Mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà jẹ́ ọ̀wọ́ báìtì gbọọrọ kan tí wọ́n fún ní nọ́ńbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Báìtì kọ̀ọ̀kan lè gba nọ́ńbà kan láti 0 dé 255, kò sì mọ̀ bóyá owó ọjà ni wọ́n kọ sínú òun, tàbí lẹ́tà kan nínú orúkọ ènìyàn, tàbí àwọ̀ kan nínú àwòrán. Èdè C, tí Dennis Ritchie ṣe ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, jẹ́ kí ẹni tó ń kọ ètò fọwọ́ ara rẹ̀ kan àwọn báìtì yìí. Malloc ni yóò fi gba àyè, memcpy ni yóò fi kó báìtì láti ibì kan lọ sí ibòmíràn, memset ni yóò fi nọ́ńbà kan ṣoṣo kún àyè náà, free ni yóò sì fi dá a padà. Àwọn èdè script, irú bíi Python, PHP, Lua àti JavaScript, gba iṣẹ́ yìí kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ètò tó ń ka script tó sì ń ṣe ohun tó wí, ìyẹn ògbufọ̀ rẹ̀, ló ń wá àyè, agbálẹ̀ tó wà nínú ògbufọ̀ náà ló sì ń kó ohun tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́ dànù. Ẹni tó ń kọ script kì í rí àdírẹ́sì kankan. Àmọ́ ìgbà kan ń bọ̀ tí yóò fẹ́ rí i, tàbí tí yóò fẹ́ rí báìtì tó wà níbẹ̀, ó kéré tán. Ẹni tó ń fi láíbúrárì kún ògbufọ̀ ni yóò la ọ̀nà náà fún un, iṣẹ́ náà sì ní ìlànà tirẹ̀.

Ní Kútọnu, kò dìgbà tí ènìyàn bá lọ ṣe ìwádìí ìjìnlẹ̀ kó tó kan ọ̀rọ̀ yìí. Ìjọba Benin ti pa á láṣẹ kí àwọn oníṣòwò máa fún oníbàárà ní rìsíìtì tí wọ́n ń pè ní facture normalisée, èyí tí ẹ̀rọ MECeF ń fi àmì sí. Oríṣi kan nínú ẹ̀rọ náà jẹ́ àpótí kékeré tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò owó ọjà. Ètò tó ń ṣírò owó lè jẹ́ PHP tàbí Python, ṣùgbọ́n àpótí tí wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà kì í mọ ohun tí list Python tàbí array PHP jẹ́. Báìtì ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń gbà, ní ìtòtẹ̀léra, báìtì ló sì ń dá padà: ó sábà máa ń jẹ́ pé èyí àkọ́kọ́ ń kéde pé iṣẹ́ dé, èyí tó tẹ̀ lé e ń sọ bí ó ṣe gùn tó, àwọn ìyókù ń gbé ọ̀rọ̀, èyí tó gbẹ̀yìn sì wà fún àyẹ̀wò bóyá nǹkan kan bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹ̀rọ tó ń gba ìtẹ̀ka àti ẹ̀rọ tó ń ka káàdì ń ṣe bákan náà, ìṣòro tiwọn tún ni pé láíbúrárì C nìkan ni àwọn tó ṣe wọ́n sábà máa ń fi ránṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi PHP pè é ní láti lọ bá C nílé C.

Ìdí mìíràn ni bí àyè àti àkókò ṣe ń ṣòfò. Àwòrán kan tó ní píksẹ́lì mílíọ̀nù 12, tí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ mẹ́ta, jẹ́ báìtì mílíọ̀nù 36. Bí wọ́n bá tú u sínú list Python lórí kọ̀ǹpútà bíìtì 64, àwọn àdírẹ́sì tí list náà fi ń tọ́ka sí àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ nìkan yóò gba báìtì mílíọ̀nù 288, kí ẹnikẹ́ni tó ṣe iṣẹ́ kankan lórí àwòrán náà. Bí script bá lè wo báìtì wọ̀nyẹn níbi tí wọ́n wà, kò sí ohun tí yóò dà á kọ. Ẹ̀kọ́ náà ńkọ́? Epitech, ilé-ẹ̀kọ́ Faransé tó dá ẹ̀ka sílẹ̀ ní Kútọnu ní 2019, máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí C, ó sì ń mú kí akẹ́kọ̀ọ́ tún àwọn àṣẹ tí gbogbo ayé ń lò kọ fúnra wọn kí wọ́n tó gbà wọ́n láyè láti lò wọ́n. Ẹni tó gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wá sí ìdí Python máa ń tètè béèrè ibi tí báìtì rẹ̀ wà.

Ojútùú kan tó ti pẹ́ ni ti èdè BASIC orí àwọn kọ̀ǹpútà inú ilé. PEEK ń ka báìtì tó wà ní àdírẹ́sì kan, POKE sì ń kọ báìtì síbẹ̀. Lórí Commodore 64 tó jáde ní 1982, ẹni tó bá tẹ POKE 53280,0 yóò rí i tí etí ojú tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ dúdú, torí pé àdírẹ́sì yẹn ló ń darí àwọ̀ etí náà. Kò sí àyẹ̀wò kankan. Bí ènìyàn bá POKE síbi tí kò yẹ, ẹ̀rọ á dákú, ẹni náà yóò pa á, yóò tún un tàn, kò sì sí ẹlòmíràn tó fara gbá a. Lóde òní, ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń fún ètò kọ̀ọ̀kan ní mẹ́mọ́rì tirẹ̀, ó sì ń pa ètò tó bá na ọwọ́ kọjá tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn gba àwọn ètò tó kù sílẹ̀. Kò gba ògbufọ̀ fúnra rẹ̀ sílẹ̀, nítorí inú ilé kan náà ni òun àti script ń gbé, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìwọlé àwọn oníbàárà àti kọ́kọ́rọ́ ìpàrokò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní wákàtí yẹn.

Nítorí náà, ìpinnu àkọ́kọ́ tí ẹni tó ń la ọ̀nà gbọ́dọ̀ ṣe ni irú ohun tí yóò fi lé script lọ́wọ́. Ó lè fún un ní àdírẹ́sì lásán, gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà. Ní Kútọnu, nọ́ńbà carré ni wọ́n fi ń júwe ilé, ẹni tó bá sì mọ carré àti àdúgbò yóò débẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà carré kò sọ ibi tí ilẹ̀ kan parí sí, kò sọ ẹni tó ni ín, kò sì sọ bóyá wọ́n ti tà á fún ẹlòmíràn lánàá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àdírẹ́sì mẹ́mọ́rì rí. Nǹkan mẹ́ta wọ̀nyẹn, ààlà, olóhun àti bóyá nǹkan náà ṣì wà, ni a gbọ́dọ̀ so mọ́ àdírẹ́sì kó tó bọ́ sọ́wọ́ script. Gbogbo ohun tó kù nínú iṣẹ́ náà, orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ló dúró lé.

Lua, tí wọ́n ṣe ní yunifásítì PUC-Rio ní Brazil ní 1993, fi ìyàtọ̀ yìí hàn kedere ju ọ̀pọ̀ èdè lọ, torí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é kó máa gbé inú ètò C. Ó ní oríṣi userdata méjì, ìyẹn ohun tí C ń fi lé script lọ́wọ́. Light userdata jẹ́ àdírẹ́sì lásán: Lua kò mọ ohun tó wà níbẹ̀, agbálẹ̀ rẹ̀ kò sì ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Full userdata jẹ́ àyè tí Lua fúnra rẹ̀ pèsè, tó sì lè ní metatable. Orí metatable yẹn ni wọ́n ń kọ àṣẹ tí script lè pè sí, àti __gc, àṣẹ tí agbálẹ̀ yóò pè kó tó kó nǹkan náà dànù. Nígbà tí script bá gbé e padà wá sínú C, luaL_checkudata yóò kọ́kọ́ wò ó bóyá irú èyí tí wọ́n ń retí ni. Bí ó bá jẹ́ òmíràn, script á gba àṣìṣe tó ṣeé kà, ètò kò ní kú. Ẹni tó bá ń fi light userdata ṣe buffer, ìyẹn àyè tí wọ́n ń kó báìtì sí, torí pé ó yára kọ ń gba gbèsè tí ẹlòmíràn yóò san.

Ọ̀rọ̀ ààlà rọrùn láti sọ, ó sì rọrùn láti ṣe é láṣìṣe. Ká ní buffer kan gba báìtì 100, tí script sì ní kí wọ́n ka báìtì 20 láti ipò 90. Ó ti kọjá ààlà. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni kí a ro ipò àti gígùn pọ̀, ká wò ó bóyá àròpọ̀ wọn ju 100 lọ. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà inú C ní òpin. Bí script bá fi gígùn tó tóbi gan-an ránṣẹ́, àròpọ̀ náà lè yí padà di nọ́ńbà kékeré, àyẹ̀wò á sì jẹ́ kó kọjá. Nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ òdo tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: −1 tí wọ́n bá gbé wọ irú nọ́ńbà tí malloc àti memcpy ń gbà lórí kọ̀ǹpútà bíìtì 64 yóò di 18,446,744,073,709,551,615. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣá nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ òdo tì, kí wọ́n rí i pé ipò kò kọjá 100, kí wọ́n wá yọ ipò kúrò nínú 100, kí wọ́n sì fi gígùn wé ohun tó ṣẹ́kù.

Ohun tí àìṣe àyẹ̀wò yìí lè fà kò fara sin mọ́ láti oṣù kẹrin ọdún 2014, nígbà tí àṣírí ihò ààbò tí wọ́n pè ní Heartbleed tú nínú OpenSSL, láíbúrárì ìpàrokò kan. Ẹni tó ń béèrè lè fi báìtì kan ṣoṣo ránṣẹ́ kó sì ní òun fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ránṣẹ́. Sáfà gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́, memcpy sì kó ohun tó tó kìlóbáìtì 64 láti inú mẹ́mọ́rì fún un, ohunkóhun tí ì báà wà níbẹ̀. Ní 2019, Microsoft sọ pé nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ihò ààbò tí òun ń dí lọ́dọọdún ló ti ọ̀dọ̀ àṣìlò mẹ́mọ́rì wá. Àwọn tó kọ ètò wọ̀nyẹn kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì. Ẹni tó ń kọ script kò sì tíì rí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ rí, nítorí èdè rẹ̀ ló ń dáàbò bò ó, torí náà kò yẹ kí wọ́n gbé gbogbo àṣẹ C fún un bí wọ́n ṣe wà.

Memcpy fúnra rẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ. Bí ibi tí wọ́n ti ń kó báìtì àti ibi tí wọ́n ń kó o lọ bá wọnú ara wọn, C kò ṣèlérí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Memmove kò ní ìṣòro yìí, ìyàtọ̀ ìyára wọn kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkókò tí pípe C láti inú script ń gbà. Memmove nìkan ló yẹ kó wà lẹ́yìn àṣẹ tí script ń pè ní «copy». Bákan náà ni malloc: àyè tó ń fúnni lè ṣì ní ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Calloc, tó ń fi òdo kún gbogbo rẹ̀, ló yẹ script. Node.js rí ẹ̀kọ́ yìí kọ́. Ní 2016 ni wọ́n mú Buffer.alloc wá, tó ń fi òdo kún àyè, wọ́n sì fún èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní orúkọ allocUnsafe, kí ẹni tó ń pè é lè mọ ohun tó ń ṣe.

Ààlà ṣì kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ olóhun àti àkókò. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ láíbúrárì ti ń ṣubú, torí pé ètò lè ṣiṣẹ́ dáadáa fún oṣù bíi mélòó kan kó tó kú lójijì. Ìbéèrè náà kò ju èyí lọ: nígbà tí script àti C bá jọ mọ àyè kan, ta ni yóò dá a padà? Bí àwọn méjèèjì bá dá a padà, ètò mẹ́mọ́rì á dàrú. Bí kò bá sí ẹni tó dá a padà, mẹ́mọ́rì á máa jò díẹ̀díẹ̀. Bí ọ̀kan bá dá a padà tí èkejì ṣì ń lò ó, á máa ka ohun oníhun, tàbí kó máa kọ ọ̀rọ̀ lé e lórí. PHP mú ìbéèrè yìí wá sí gbangba. Nínú FFI, ọ̀nà tí PHP ń gbà pe C, FFI::new tó ń gba àyè ní ohun tí wọ́n ń pè ní owned. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, bó ṣe máa ń rí bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ ohunkóhun, PHP ni yóò dá àyè náà padà; bí ó bá jẹ́ irọ́, ẹni tó kọ script ni yóò pe FFI::free.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ẹ̀rọ ìtẹ̀ka. Script dá buffer kan sílẹ̀, ó fi àdírẹ́sì rẹ̀ fún láíbúrárì C, ó ní «kọ àwòrán ìka síbí nígbà tí ẹnì kan bá tẹ̀ ẹ́». Àṣẹ náà padà lójú ẹsẹ̀. Kò sí ibì kan nínú script tó tún dárúkọ buffer náà, agbálẹ̀ sì kó o dànù, bó ti yẹ kó ṣe. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i, oníbàárà tẹ ìka. Láíbúrárì kọ àwòrán náà sórí ohun mìíràn tó ti gba àyè yẹn. Kò sí ohun tó burú nínú script, kò sí ohun tó burú nínú C. Ẹni tó la ọ̀nà láàárín wọn ni kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀: ó yẹ kó di buffer náà mú lọ́dọ̀ ara rẹ̀ títí láíbúrárì yóò fi sọ pé òun ti ṣe tán. Àwọn tó ń kọ ìwé ìlànà ctypes, láíbúrárì tí Python fi ń pe C, kìlọ̀ nípa irú èyí fún àwọn àṣẹ tí C máa ń pè padà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń ka ìkìlọ̀ náà lẹ́yìn tí ètò wọn bá ti kú. Níbi tí agbálẹ̀ ti máa ń sún nǹkan káàkiri, bíi ti V8, ògbufọ̀ JavaScript inú Chrome, ọ̀ràn náà le sí i, torí pé àdírẹ́sì lè yí padà nígbà tí nǹkan náà ṣì wà láàyè. CPython àti Lua kì í sún nǹkan.

Ojútùú méjì tó dára jù lọ yàtọ̀ síra wọn. Python ń kọ̀. Bí memoryview kan bá ń wo inú bytearray, tí ẹnì kan sì fẹ́ fẹ bytearray náà sí i, èyí tó lè gbé e lọ sí àdírẹ́sì mìíràn, Python á dá BufferError padà títí wọ́n yóò fi tú memoryview náà sílẹ̀. JavaScript ń gé okùn ní tirẹ̀. Nígbà tí mẹ́mọ́rì WebAssembly, irú ètò tí búráwúsà ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ JavaScript, bá fẹ̀ sí i, ArrayBuffer tí script ti ń fi wò ó tẹ́lẹ̀ yóò di aláìní báìtì, gígùn rẹ̀ á di 0, script á sì ní láti béèrè òmíràn. Ti Python ń bí oníkánjú nínú, ti JavaScript sì ń ya ẹni tí kò ka ìwé lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó jẹ́ kí script ka mẹ́mọ́rì tó ti kú.

Lẹ́yìn èyí ni ìtò báìtì, tí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. 1,000 kò gba inú báìtì kan. Báìtì méjì ló máa gbé e, 3 àti 232, torí pé 3 lọ́nà 256 pẹ̀lú 232 jẹ́ 1,000. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì ń kọ 232 ṣáájú, àwọn ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì sì ń kọ 3 ṣáájú. Àṣẹ tó bá ń ka nọ́ńbà fún script gbọ́dọ̀ jẹ́ kí script lè sọ èyí tó fẹ́, bí struct ti Python àti string.pack ti Lua 5.3 ṣe ń ṣe. Àṣẹ tó bá gba ìtò kọ̀ǹpútà tó wà lórí rẹ̀ láìsọ yóò ṣiṣẹ́ lórí tábìlì ẹni tó kọ ọ́, kò sì dájú pé yóò ṣiṣẹ́ níbòmíràn.

Ìpinnu tó kàn ni ẹni tó lè pe àwọn àṣẹ wọ̀nyí. PHP, tí FFI wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀dà 7.4 ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, ṣe èyí dáadáa. Bí ètò ffi.enable bá wà ní preload, ibi tó máa ń wà bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i, ẹni tó ń lo PHP láti ojú àṣẹ kọ̀ǹpútà lè lo FFI, àwọn fáìlì tí olùṣàkóso sáfà ti kó wọlé ṣáájú náà lè lò ó, ṣùgbọ́n ojú ìwé lásán tó ń dá oníbàárà lóhùn kò lè lò ó. Lórí sáfà tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ jọ ń háyà, ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì gan-an. Ctypes kò ní irú ìdènà bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá lè mú Python ka script rẹ̀ lè ka gbogbo mẹ́mọ́rì ètò náà, ó sì yẹ kí wọ́n ka irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí ẹni tí wọ́n fọkàn tán pátápátá. Búráwúsà kò lè fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ihò ààbò Spectre jáde ní oṣù kìíní ọdún 2018, àwọn tó ń ṣe búráwúsà pa SharedArrayBuffer, mẹ́mọ́rì tí àwọn script lè jọ lò, torí pé script lè fi ṣe aago tó ń wọn àkókò kéékèèké tó láti fi méfò ohun tó wà nínú mẹ́mọ́rì tí kò tiẹ̀ fọwọ́ kàn. Wọ́n dá a padà nígbà tó yá, fún ojú ìwé tó bá ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù.

Àdírẹ́sì lásán náà ní ibi tó yẹ ẹ́. Lórí Raspberry Pi Pico, tó jáde ní 2021 pẹ̀lú mẹ́mọ́rì kìlóbáìtì 264, MicroPython, irú Python tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ kékeré, fún script ní machine.mem32, tó jẹ́ PEEK àti POKE àtijọ́ ní aṣọ tuntun. Bí wọ́n bá ti ṣètò ẹsẹ̀ 25 gẹ́gẹ́ bí ibi tí iná ń gbà jáde, kíkọ 33554432, ìyẹn bíìtì 25 nìkan, sí àdírẹ́sì 0xd0000014 yóò tan gílóòbù kékeré tó wà lára rẹ̀. Àdírẹ́sì yẹn kì í ṣe àyè ìpamọ́. Ẹ̀yà ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Kò sí malloc tó pèsè rẹ̀, kò sí ẹni tó lè dá a padà, ààlà rẹ̀ sì wà nínú ìwé tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà tẹ̀ jáde. Ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ní ìdáhùn kí script tó débẹ̀, ẹni tó ni ẹ̀rọ náà ló sì kọ script.

Bí wọ́n bá ti kọ àwọn àṣẹ náà tán, wọ́n á fi AddressSanitizer kọ́ ògbufọ̀ pẹ̀lú láíbúrárì náà. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò yìí, tí Google ṣe, ń sàmì sí àyíká gbogbo àyè tí ètò bá gbà, ó sì ń pariwo nígbà tí ẹnì kan bá kọjá ààlà tàbí tó fọwọ́ kan ohun tí wọ́n ti dá padà. Lẹ́yìn náà, wọ́n á kọ script tó ń wá ìjàngbọ̀n: tó ń fi gígùn −1 ránṣẹ́, tó ń ka báìtì 0 láti ipò 100 nínú buffer 100, èyí tó yẹ kó gbà, tó ń ka báìtì 1 láti ibẹ̀, èyí tí kò yẹ kó gbà, tó ń ti buffer pa lẹ́ẹ̀mejì, tó sì ń pe agbálẹ̀ ní tipátipá láàárín ìgbà tó fún C ní àdírẹ́sì àti ìgbà tí C yóò lò ó. Bí ohun tó yẹ kó gbà bá gbà, tí ìyókù sì dá àṣìṣe tí script lè kà padà láìjẹ́ pé AddressSanitizer pariwo, àwọn àṣẹ náà ti ṣeé fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.